Kílórínì: Ìwúlò Rẹ̀ àti Ewu Rẹ̀ nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti oyè tàbí ti ìjọba. Ọ̀rọ̀ ohun kan ni tí ó wà nínú ilé olówó àti ilé tálákà bákan náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò láràárọ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Kílórínì ni orúkọ rẹ̀. Òun ni òórùn rẹ̀ ń jáde nínú omi ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òun kan náà ni ó wà nínú bílíìṣì, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Hypo tàbí Jik, tí a fi ń fọ aṣọ kí ó lè funfun, tí a sì fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ní àdúgbò wa ní Adéwọlé, nínú ìlú Ìlọrin, mo ṣàkíyèsí pé àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ nípa ohun yìí, àwọn méjèèjì sì tako ara wọn. Èkíní, a ń bẹ̀rù rẹ̀ níbi tí ó ti ń gba ẹ̀mí là. Èkejì, a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ níbi tí ó ti lè gba ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá gbóòórùn rẹ̀ nínú omi ẹ̀rọ a da omi náà nù, a sì lọ fa omi kànga tí ó wà nítòsí ṣáláńgá. Ẹni kan náà a sì bu bílíìṣì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a gbé e sí abẹ́ tábìlì, a tún po ó mọ́ ásíìdì kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè mọ́ kíákíá. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a jókòó, kí a sì yẹ ohun yìí wò dáadáa, kí a mọ ibi tí ó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ àti ibi tí ó ti jẹ́ ọ̀tá.

IRÚ OHUN TÍ Ó JẸ́

Ọkùnrin ará Sweden kan, Carl Wilhelm Scheele, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípo oògùn, ni ó kọ́kọ́ yọ kílórínì jáde ní ọdún 1774. Ní ọdún 1810 ni Humphry Davy, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún ayé pé ohun kan ṣoṣo ni, tí kò ṣe é tú sí ohun méjì mọ́. Ó sọ ọ́ ní orúkọ tí a yọ láti inú èdè Gíríìkì nítorí àwọ̀ rẹ̀, àwọ̀ tí ó wà láàárín ewé tútù àti ìyeyè.

Bí kílórínì bá dá wà, afẹ́fẹ́ ni í ṣe, òórùn rẹ̀ a sì máa ta ènìyàn nímú. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bọ̀ sórí rẹ̀: kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ni ó ń rá lọ, bí ìkùukùu òwúrọ̀ tí ó bo àfonífojì.

Ṣùgbọ́n kílórínì kì í sábà dá wà nínú ayé. Inú iyọ̀ ni ó fi ṣe ilé. Iyọ̀ tí a ń fi se ọbẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ kílórínì àti irin rírọ̀ kan tí a ń pè ní sódíọ̀mù. Nínú ìwọ̀n iyọ̀ 100, nǹkan bí 60 jẹ́ ti kílórínì. Irin náà, bí ó bá dá wà, a máa gbiná bí omi bá kàn án. Kílórínì, bí ó bá dá wà, a máa pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì bá di ara wọn mú, wọn a di ohun tí ọbẹ̀ kò lè ṣe aláìní. Nínú ikùn wa pàápàá, ásíìdì tí ń lọ oúnjẹ ní kílórínì nínú. Páìpù ike tí ń gbé omi kiri inú ilé wa náà, kílórínì wà lára ohun tí a fi ṣe é. Ẹ kò rí i pé àlejò kọ́ ni í ṣe.

Ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe é, omi iyọ̀ ni a ń jẹ́ kí iná mànàmáná gbà kọjá. Iná náà a tú tọkọtaya yìí ká: kílórínì a jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan, kọ́sítíìkì sóódà tí àwọn aṣọṣẹ mọ̀ dáadáa a sì kù ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a bá tún fi kílórínì sínú omi sóódà yìí, ohun tí a ó rí ni bílíìṣì. Àtinú omi àti iyọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde wá.

IṢẸ́ RERE TÍ Ó TI ṢE

Ọ̀nà tí kílórínì ń gbà pa kòkòrò àrùn kò le láti yé ni. Kòkòrò àrùn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ní awọ, ó sì ní nǹkan nínú awọ náà. Kílórínì a máa jó awọ yìí, a sì ba ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Jíjó kan náà yìí ni ó máa ń jó èérí kúrò lára aṣọ funfun. Kí a tún fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: ohun tí ó lè jó awọ kòkòrò lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ènìyàn bí ó bá pọ̀ jù. Iṣẹ́ kan náà ni. Ìwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Ní ọdún 1847, ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis. Àwọn abiyamọ ń kú lọ rẹpẹtẹ ní ẹ̀ka tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń gbẹ̀bí; ní oṣù Kẹrin ọdún náà, nǹkan bí 18 ni ó kú nínú 100. Semmelweis rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà a máa ti inú yàrá tí wọ́n ti ń la òkú bọ̀ tààrà sí ọ̀dọ̀ àwọn aboyún. Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi omi tí a po ẹfun oníkílórínì mọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan aboyún. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Keje, iye tí ń kú ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1 nínú 100. Ní ìgbà náà, kò tíì sí ẹnikẹ́ni tí ó lè ṣàlàyé pé kòkòrò ni ó ń fa àrùn. Síbẹ̀ omi kílórínì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí àlàyé tó dé.

Lẹ́yìn èyí ni a gbé e dé inú omi mímu. Ní ọdún 1905, ibà jẹ̀funjẹ̀fun bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà Alexander Houston sì ń fi ohun oníkílórínì sí omi ìlú náà láìdáwọ́ dúró. Ní ọdún 1908, ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan pe olùpèsè omi náà lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ sì gbà nígbẹ̀yìn pé ọ̀nà tí ó tọ́ ni. Láti ìgbà náà ni àwọn ìlú ńlá káàkiri ayé ti tẹ̀lé e, ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì ti di ohun tí àwọn ọmọ wọn ń kà nínú ìwé nìkan.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Àrùn onígbáméjì, tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lẹ́rà, wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, kò sì tíì fi wá sílẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 2021 nìkan, àwọn tí a fura sí pé ó mú ní gbogbo Nàìjíríà lé ní 111,000, àwọn tí ó kú sì lé ní 3,600. Ní ọdún 2024 ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ẹni tí onígbáméjì bá mú a máa yàgbẹ́, a sì máa bì, títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán. Alágbára ọkùnrin tí ó jẹun àárọ̀ pẹ̀lú wa lè di òkú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Láti inú ìgbẹ́ ni ó ti ń wọ inú omi, láti inú omi ni ó sì ti ń wọ ẹnu. Kílórínì ni ó ń dúró sí àárín ọ̀nà, tí ó ń sọ pé, "Ìwọ kò gbọdọ̀ kọjá."

Àwọn tí ó wà ní Èkó ní ọdún 2014 kò ní gbàgbé korobá tí a dé lórí, tí a fi ẹ̀rọ kékeré sí lára, tí a gbé sí ẹnu-ọ̀nà báńkì, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà ni aláìsàn kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ilẹ̀ wa ti bọ́. Wíwá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn kiri, ojúlé dé ojúlé, ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n omi kílórínì wà lára ohun ìjà tí a fi jà. Ìwọ̀n méjì ni àwọn dókítà ń lò: èyí tí a fi ń fọ ọwọ́ jẹ́ ìdá 5 nínú 10,000; èyí tí a fi ń nu ilẹ̀ àti ibùsùn aláìsàn jẹ́ ìdá 5 nínú 1,000. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ó wà láàárín wọn, nítorí pé ilẹ̀ kò ní awọ tí ó lè bó.

ÒÓRÙN INÚ OMI Ẹ̀RỌ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Adéwọlé. Omi ẹ̀rọ tí ń ti ọ̀dọ̀ Ilé-iṣẹ́ Omi Ìpínlẹ̀ Kwara wá, inú odò ni a ti ń gbà á kí a tó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Odò Asà tí ó la ìlú Ìlọrin já ń gba ẹ̀gbin púpọ̀ bí ó ti ń kọjá láàárín wa. Gbogbo ẹni tí ó ti dúró lórí afárá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nítorí náà omi odò kò lè wọ ẹnu ènìyàn láìjẹ́ pé a ti sẹ́ ẹ, kí a sì ti fi kílórínì sí i.

Ǹjẹ́ kí ni ìdí tí òórùn rẹ̀ fi ń kù títí dé ilé wa? A mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú omi ni. Ọ̀nà jìn láti ibi ìwẹmi dé ojúlé. Páìpù a máa là, òmíràn a gba inú gọ́tà kọjá, nígbà tí a bá sì dá ẹ̀rọ dúró, páìpù òfìfo a máa fa omi ìdọ̀tí tí ó wà láyìíká rẹ̀ mu. Kílórínì tí ó kù nínú omi ni olùṣọ́ tí ó ń bá a rin ìrìn-àjò náà. Àjọ ìlera àgbáyé fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ tí ó kù dé ẹnu ẹ̀rọ má dín ní ìdá kan nínú márùn-ún milígíráàmù nínú lítà omi kan, wọ́n sì ní kí ó má ju milígíráàmù 5 lọ. Èyí tí ó mú wa sọ pé omi ń rùn sábà máa ń kéré púpọ̀ sí 5 yìí. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ díẹ̀, kí inú yín dùn: olùṣọ́ kò tíì sùn. Omi tí kò rùn rárá ni ó yẹ kí a béèrè nípa rẹ̀.

Bí òórùn náà bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ da omi sínú korobá tàbí àmù, kí ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ nínú òórùn náà yóò ti fò lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé bí òórùn ti lọ, olùṣọ́ náà ti lọ. Láti ìgbà náà, ìdérí àmù àti ife onígbọ̀ọ́wọ́ ni yóò máa ṣọ́ omi yín. Ọwọ́ ọmọdé kan tí ó wọ inú àmù tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nítorí pé omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé kànga. Omi yìí ni a ń mu, òun ni a fi ń se oúnjẹ, òun ni a sì fi ń ṣe àlùwàlá. Àwọn ìyá wa a máa fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè tòrò. Ó dára, ṣùgbọ́n kí ó yé wa pé álọ́ọ̀mù a máa fa ẹrẹ̀ wálẹ̀ ni, kò lè pa kòkòrò onígbáméjì tán. Omi tí ó mọ́ lójú lè ní ikú nínú. Lẹ́yìn tí omi bá tòrò, tí a sì ti fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ìgbà náà ni a ó sè é tàbí kí a fi kílórínì sí i.

Èyí tí ó sàn jù ni oògùn kílórínì tí a dìídì ṣe fún omi mímu, bí irú WaterGuard, kí a sì lò ó bí a ti kọ ọ́ sára ìgò. Bí kò bá sí, tí ìyà omi sì dé, a lè lo bílíìṣì lásán tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú. Kí a kọ́kọ́ ka ara ìgò láti mọ agbára rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bí 5 nínú 100, ẹ̀kán 2 ni fún lítà omi kan, èyí tí í ṣe ẹ̀kán 40 fún kẹ́ẹ̀gì lítà 20. Bí ó bá jẹ́ 3 àti ààbọ̀ nínú 100, ẹ̀kán 3 ni fún lítà kan, ẹ̀kán 60 fún kẹ́ẹ̀gì náà. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ìṣẹ́jú 30 yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé kílórínì kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Kí a má sì ṣe gbójú lé ìgò tí ó ti pẹ́: oòrùn àti ooru a máa jẹ agbára bílíìṣì, nínú ooru ìlú Ìlọrin yìí ìgò tí a gbé sójú fèrèsé kì í pẹ́ di omi lásán. Ibi òkùnkùn tí ó tutù ni ààyè rẹ̀.

IBI TÍ EWU WÀ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yí ojú kejì owó náà síta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ-ogun Jámánì ṣí ẹnu àwọn àgbá irin tí ó lé ní 5,000 nítòsí ìlú Ypres ní ilẹ̀ Belgium. Kílórínì ni ó wà nínú wọn. Ìkùukùu aláwọ̀ ìyeyè kan rá nílẹ̀ tẹ̀lé afẹ́fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ-ogun Faransé nínú kòtò tí wọ́n sá pamọ́ sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, láti Algeria. Kòtò tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ọta ìbọn ni ó di ibojì wọn, nítorí pé ohun tí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ a máa wá ibi tí ó rẹlẹ̀ lọ.

Òǹkàwé lè wí pé, "Kí ni ogun Òyìnbó kàn mí ní Adéwọlé?" Ó kàn ọ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan náà ni ènìyàn lè dá sílẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá da bílíìṣì mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ásíìdì náà a lé kílórínì jáde kúrò nínú bílíìṣì gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́. Ìyá tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ń fọ ilẹ̀, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí ojú àwọn ará ilé, ni ó súnmọ́ ọn jù lọ. Ọmọ tí ó rá wá bá a níbẹ̀ tún rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ojú a máa ta, ikọ́ a dé, àyà a fún pọ̀. Àwọn ènìyàn ń rò pé bí ohun méjì bá dára ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpapọ̀ wọn yóò dára jù. Nínú ọ̀ràn yìí, irọ́ ni.

Ìtọ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ pàdé bílíìṣì. Nínú ìtọ̀ tí ó ti pẹ́, ohun kan wà tí ń jẹ́ amóníà, òun náà ni ó máa ń ta wá nímú nínú ilé ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí bílíìṣì bá bá a pàdé, afẹ́fẹ́ olóró mìíràn ni yóò jáde. Nítorí náà, póò ọmọdé àti ilé ìtọ̀, omi púpọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi ṣàn wọ́n dáadáa kí a tó fi bílíìṣì sí i. Kí a má sì ṣe pò ó mọ́ ọtí kíkan, spírítì, tàbí oògùn apakòkòrò èyíkéyìí. Omi nìkan ni ọ̀rẹ́ bílíìṣì.

Bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kí ẹni náà jáde lójú ẹsẹ̀ sí ìta gbangba, ibi tí ó ga tí afẹ́fẹ́ wà, kí ó má sì ṣe padà wọlé láti lọ gbé korobá. Kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bí a bá lè ṣe é láìwọlé. Kí a fi omi púpọ̀ ṣan ojú tí ń ta. Bí mímí bá ń ṣòro, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ara bá tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti yá, kí a ṣì lọ fi ara han dókítà, nítorí pé omi lè máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà.

Ewu kejì ni ti ìgò. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bílíìṣì mọ́ lójú bí omi. Bí a bá bù ú sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi mímu, kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe omi? Àwọn tí ń ra díẹ̀díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì ọlọ́jà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ìgò òfìfo ni wọ́n máa ń mú lọ. Kí a jẹ́ kí bílíìṣì wà nínú ìgò tí a fi tà á, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Bí a bá sì bù ú sínú ìgò mìíràn, kí a kọ ọ́ sára gàdàgbà, kí a gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Èyí tí a là fún fífọ ilẹ̀, kí a dà á nù bí a bá ti parí. Kí a má fi í sílẹ̀ nínú ife.

Bí ọmọ bá ti mu ún, mo bẹ ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má ṣe bu epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú wa ṣe é, àti pé bẹ́ẹ̀ ni a ti bá a nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jó ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀. Èébì olóró náà àti epo sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ìjàǹbá kan di méjì. Ẹ fi omi yọ ẹnu ọmọ náà, ẹ bọ́ aṣọ tí ó bá tutù kúrò lára rẹ̀, ẹ fún un ní omi díẹ̀ mu bí ó bá lè gbé e mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́, kí dókítà lè rí ohun tí ó mu. Ní àdúgbò wa, Cottage Hospital Adéwọlé kò jìnnà. Bí ó bá ta sí ojú, omi mímọ́ ni kí a máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ọ̀nà ilé ìwòsàn tó kàn.

Ewu kẹta ni ti àhesọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí ìbẹ̀rù Ebola gba gbogbo ilẹ̀, ẹnì kan tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ ní òru pé kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ń ji ara wọn lójú oorun láti ìlú dé ìlú. Àwọn kan mu iyọ̀ jù títí wọ́n fi di èrò ilé ìwòsàn, àwọn ìwé ìròyìn sì ròyìn pé àwọn kan bá a lọ. Iyọ̀ kì í ṣe bílíìṣì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ni kílórínì ti ń wá. Tọkọtaya inú iyọ̀ kò tíì kọ ara wọn sílẹ̀, nítorí náà iyọ̀ inú ikùn kò lè lé àrùn Ebola. Kí a má sì rò pé àìmọ̀ yìí jẹ́ ti àwa aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà bi àwọn àgbàlagbà 502 léèrè. Nǹkan bí 4 nínú 100 sọ pé àwọn ti mu bílíìṣì tí a là tàbí kí àwọn fi yọ ẹnu kí àrùn náà má bàa mú àwọn. Ìbẹ̀rù a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀ ní gbogbo ilẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN

Àwọn àgbà wa wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ kílórínì wà nínú òwe yìí. Ẹ̀kán mélòó kan nínú kẹ́ẹ̀gì omi, ó gba ilé là. Ife kan nínú ikùn ọmọ, ó sọ ilé di ilé ọ̀fọ̀. Nítorí náà mo ní ọ̀rọ̀ fún olúkúlùkù.

Ẹ̀yin baálé àti onílé, ẹ jẹ́ kí ààyè tí ó tó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá, kí ìdérí sì wà lórí kànga. Bí àrùn onígbáméjì bá bẹ́ sílẹ̀, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kí wọ́n wá fi kílórínì sí kànga yín. Ẹ má ṣe da kòǹgò kan sí i lójú lásán.

Ẹ̀yin ìyá ilé, bílíìṣì nìkan ni kí ẹ lò, tàbí ásíìdì nìkan; ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀ láéláé, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Ẹ kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé òun ni a sábà ń rán lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun ni a kì í sì í ṣàlàyé nǹkan fún.

Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ń bu bílíìṣì tà, ẹ má ṣe bù ú sínú ìgò tí ọmọdé mọ̀ mọ́ ohun mímu. Èrè kọ́bọ̀ kan kò tó ohun tí a ó fi gbé òkú ọmọ ẹlòmíràn lé ọkàn.

Ẹ̀yin tí ń ṣe àkóso omi ìlú, ẹ jẹ́ kí kílórínì má wọ́n ní ibi ìwẹmi, kí ẹ sì máa wọn ìwọ̀n rẹ̀ ní ẹnu ẹ̀rọ àwọn ènìyàn pẹ̀lú, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń mu ún.

Àti àwa yòókù, ní òwúrọ̀ ọ̀la, bí omi ẹ̀rọ bá yọ tí ó sì ń rùn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé korobá wa sí i, kí a dé e, kí a sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà kí a wọlé lọ wo ibi tí ìgò bílíìṣì wa wà, kí a gbé e sókè.